Tí kóòṣì bá pariwo pé "Ọ́mpáyà, níbo nìyẹn wà?"

Àárọ̀ Sátidé ni, ìwọ ni ọ́mpáyà eré béésíbọ́ọ̀lù, oòrùn Abuja ò tíì mú ṣùgbọ́n ìwọ ti ń làágùn lábẹ́ máàsìkì, iyẹ̀pẹ̀ pupa ti kún inú bàtà ẹ, pitcher, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, jù ú, ó gba ìsàlẹ̀ orúnkún ọmọ tó mú igi dání kọjá, o ní "Ball!", ìyẹn ni pé kò gba ibi tó yẹ kó gbà. Ojú ò tíì ṣẹ́ tí ohùn kan fi ta láti ibi bẹ́ǹṣì: "Haba, ọ́mpáyà! Níbo nìyẹn wà?" Gbogbo òbí tó jókòó sórí àga rọ́bà yíjú sí ẹ. Kí lo máa sọ?

Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ẹ̀ lónìí nìyẹn, torí mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ tó mọ ìwé òfin béésíbọ́ọ̀lù ju èmi gan-an lọ, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń dúró lẹ́yìn catcher, ẹni tó ń mú bọ́ọ̀lù tí pitcher jù, ohùn wọn ròkè, àmọ́ ìbéèrè kan péré láti ẹnu kóòṣì, gbogbo ẹ̀ dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́. Màá máa sọ "o" bí ẹni ń bá àbúrò ẹ̀ sọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin àgbà inú wa ẹ má bínú.

Kó o tó lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ó yẹ kí ohun tó ò ń dáhùn lé lórí dá ẹ lójú. Nínú ìwé òfin tí Major League, líìgì béésíbọ́ọ̀lù ńlá tó wà l'Amẹ́ríkà, ń lò, òfúrufú orí home plate, pléètì funfun tó wà nílẹ̀ tí batter, ẹni tó mú igi dání, máa ń dúró tì, ni strike zone. Bọ́ọ̀lù tó bá gba ibẹ̀ kọjá, strike ni, èyí tí kò bá gba ibẹ̀ tí batter ò sì ju igi sí, ball ni. Òkè ẹ̀ ni ìlà tó pín àárín orí èjìká sí ibi tí ṣòkòtò ti bẹ̀rẹ̀ ní ìdí sí méjì ọgbọọgba, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ni ibi tó jìn wọlé lábẹ́ egungun orúnkún. Bí batter ṣe dúró nígbà tó múra àtigbá bọ́ọ̀lù lo máa fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe bó ṣe dúró nígbà tó ń juwọ́ sí ìyá ẹ̀. Pléètì fẹ̀ ní íǹṣì 17. Bọ́ọ̀lù fúnra ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó íǹṣì 3 ní fífẹ̀, tí etí ẹ̀ bá sì fi lè ha etí zone báyìí, strike ni, kódà kí èyí tó pọ̀ jù lára ẹ̀ wà níta. Ọ̀pọ̀ kóòṣì ò mọ èyí, àwa náà sì máa ń gbàgbé ẹ̀ tí ariwo bá ti bẹ̀rẹ̀.

Ìwé òfin Little League tó wà fún àwọn ọmọdé wá yàtọ̀, láti abíyá dé orí orúnkún ni tiwọn. Ṣé o ti rí ibi tí wàhálà ti ń yọ orí? Kóòṣì tó ń wo Major League mọ́jú lórí fóònù ti rí bọ́ọ̀lù tó gba abẹ́ orúnkún tí wọ́n pè ní strike, ó wá dé pápá kan ní Kubwa, ó ń retí irú ẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́wàá. Torí náà, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn kóòṣì méjèèjì bá mú ìwé orúkọ àwọn ọmọ wọn wá bá ẹ nídìí pléètì, sọ ìwé òfin tẹ́ ẹ máa lò, kó o sì sọ ọ́ lójú àwọn méjèèjì. Má sọ pé "zone tèmi máa ń fẹ̀" tàbí "èmi máa ń fún wọn nísàlẹ̀". O ò ní zone kankan, ìwé ló ni ín. Tó o bá ti lè ní "tèmi báyìí báyìí", pàṣán tí wọ́n máa fi nà ẹ́ ní inning kẹta, ìyẹn ìpín kẹta eré náà, lo fà lé wọn lọ́wọ́ yẹn.

Pléètì yẹn gan-an, máa wọ̀n ọ́n. Ìtàn yìí ń tì mí lójú àmọ́ màá sọ ọ́. Pápá kan tá a máa ń lò, pléètì rọ́bà ibẹ̀ ti ya, ni wọ́n bá ní kí káfíńtà gé pákó, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà funfun. Mo débẹ̀, mo wò ó, ó funfun, ó ní igun márùn-ún, mo ní ó ti parí. Láti inning àkọ́kọ́ ni kóòṣì kan, bàbá tó ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún, ti ń sọ jẹ́jẹ́ pé "Ọ́mpáyà, ìta yẹn mà jìnnà sí àwọn ọmọ mi o." Mo dá a lóhùn pé "Ó kan etí, sà." Ìgbà tó máa sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, inú bí mi, mo na àtẹ́lẹwọ́ sí i pé ó tó gẹ́ẹ́. Lẹ́yìn eré, ọmọ kan yọ tépù nínú báàgì bàbá ẹ̀ tó ń ṣe bíríkìlà, a wọ̀n ọ́n, íǹṣì 20 ó lé díẹ̀! Gbogbo strike tí mò ń pè létí ìta yẹn, ball ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo lọ bá bàbá yẹn nídìí mọ́tò ẹ̀, mo ní "Ẹ má bínú, sà, ẹ̀yin lẹ jàre." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti rò pé ojú ló ń ṣe òun. Tépù wà nínú báàgì mi láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ búrọ́ọ̀ṣì àti indicator tí mo fi ń ka ball àti strike ló wà. Ohun mìíràn tó sì kọ́ mi ni pé, kóòṣì tó ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ láìgbé ohùn sókè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nǹkan ló rí.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wọ inú ọ̀rọ̀. Òfin ò fi bẹ́ẹ̀ fún kóòṣì láyè, nínú ìwé Major League ó wà ní 8.02(a), ìpinnu ọ́mpáyà lórí ball àti strike ni abẹ gé, àlàyé abẹ́ ẹ̀ sì sọ pé kóòṣì tó bá kúrò ní bẹ́ǹṣì wá jiyàn lé e, kí wọ́n kìlọ̀ fún un bó bá ti ń bọ̀, tó bá ṣì ń bọ̀, kó jáde nínú eré. Àwọn kan kà á débẹ̀ yẹn, wọ́n wá rò pé gbogbo kóòṣì tó bá la ẹnu ti ń wá ìjà. Rárá o. "Níbo nìyẹn wà?" ìbéèrè ni, dá a lóhùn. "Strike nìyẹn jàre!" kò bi ẹ́ ní nǹkan kan, inú ló ń bí i, jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé e lọ. "Tó o bá jí lójú oorun, kó o sọ fún wa!" ìyẹn ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, orí ẹ ló bọ́ sí. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ò ju kó o tètè mọ èwo ni èwo, torí bí o bá dá ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ìbéèrè lóhùn, ìwọ lo sọ ọ́ di àríyànjiyàn.

Ìdáhùn fúnra ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ gùn. "Ó wálẹ̀." "Ó bọ́ síta." "Ó ga." Ó tán. Má bọ́ máàsìkì, má yí gbogbo ara sí bẹ́ǹṣì, pitcher tó ń bọ̀ wá ju òmíì ni kó o kọjú sí. Má sọ pé "ó wálẹ̀ díẹ̀", "díẹ̀" yẹn ló máa pa ẹ́, bó bá ti gbọ́ ọ ó ti mọ̀ pé ìwọ náà ń ṣiyèméjì, á wá ní "díẹ̀ báwo?" Má sì fi ọwọ́ méjèèjì wọn bó ṣe jìn tó hàn án bí ẹni ń ná ẹja lọ́jà, gbogbo ọ̀rọ̀ á wá di orí bí ọwọ́ ẹ ṣe fẹ̀ tó. "Mo mọ iṣẹ́ mi" pẹ̀lú "ẹ gbájú mọ́ tiyín", gbé wọn sílé. Mo ti sọ ọ́ rí, mi ò rí èrè kankan níbẹ̀.

Nǹkan kan wà tó máa ràn ẹ́ lọ́wọ́: ẹ̀gbẹ́ ni kóòṣì wà. Láti ibi bẹ́ǹṣì, ó lè rí i bóyá bọ́ọ̀lù ga tàbí ó wálẹ̀, nígbà míì ó máa ń rí i dáadáa gan-an, àmọ́ ti inú tàbí ìta kò lè rí i láéláé, ojú ẹ̀ ò sí níbi tó ti lè mọ̀ ọ́n. Tó bá ń ráhùn lórí gíga, fi sọ́kàn. Tó bá jẹ́ ti etí pléètì, gbọ́ ọ, kó o fi síbẹ̀, àyàfi tí káfíńtà bá lọ́wọ́ sí i, bíi tèmi. Ṣùgbọ́n má sọ ọ́ sí i lójú pé "ibi tẹ́ ẹ wà yẹn ẹ ò lè rí i", òótọ́ ni, ìjà ni kinní yẹn sì máa dá sílẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ kà nìyí, torí kò sí nínú ìwé òfin kankan. Àwa ọmọ Yorùbá, àgbà ò kéré lójú wa. O lè jẹ́ ọmọ ọdún 23, kí kóòṣì jẹ́ ẹni tó ti wà nídìí eré yìí láti ọdún 2003 tí All-Africa Games wáyé l'Abuja níbí tí béésíbọ́ọ̀lù wà nínú ẹ̀, ó máa wò ẹ́ láti òkè délẹ̀, á ní "Ọmọ mi, la ojú ẹ dáadáa." Àwọn ọ́mpáyà kan, kí wọ́n lè fi hàn pé àwọn láṣẹ, wọ́n á sọ pé "Kóòṣì, jókòó, o ti ń sọ̀rọ̀ jù!" Ha! O ti pàdánù ọjọ́ náà. Kò sẹ́ni tó máa rántí bọ́ọ̀lù mọ́, "ta ni ọmọ yìí ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?" ló kù, gbogbo òbí tó wà níbẹ̀ á sì wà lẹ́yìn bàbá yẹn, títí kan èyí tí ọmọ ẹ̀ jàǹfààní nínú ball tó o pè. "Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín. Ó wálẹ̀, sà." Kí ni "ẹ" àti "sà" yẹn gbà lọ́wọ́ ẹ? Zone ò kúrò níbi tó wà. Èmi o, ẹni tí mo bá tiẹ̀ ń lé jáde gan-an, "ẹ" ni mo fi ń lé e.

Òdìkejì ẹ̀ tún wà, ìyẹn sì burú jù ú lọ. Kóòṣì tó jẹ́ Yorùbá á rìn wá bá ẹ láàárín inning méjì, á ní "Àbúrò, ọmọ ibo ni ẹ́? Ìjẹ̀bú? Ah, ilé kan náà mà ni wá!" Ẹ rẹ́rìn-ín pọ̀, ẹ bọ ara yín lọ́wọ́. Kóòṣì kejì ń kọ́, ó lè jẹ́ Hausa, ó lè jẹ́ Tiv tàbí Gbagyi, ó dúró ní bẹ́ǹṣì tiẹ̀, ó ń wo àwọn méjì tó ń fi èdè tí kò gbọ́ rẹ́rìn-ín. Bọ́ọ̀lù tó kàn tó há sí etí, o pè é fún ẹgbẹ́ ọmọ ilé ẹ. Kí lo fẹ́ sọ fún ọkùnrin yẹn tó máa gbà ẹ́ gbọ́? Bí mo ṣe ń ṣe tèmi nìyí: ìkíni, Yorùbá. "Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ kú iṣẹ́ o", ó parí. Bó bá ti kan strike zone, òyìnbó ni, kó sì ròkè tó kí bẹ́ǹṣì kejì gbọ́: "It was down, coach." Kóòṣì kan bínú sí mi lórí ẹ̀ rí, ó ní òyìnbó ni mò ń sọ sí òun, ọmọ Òṣogbo bíi tòun! Mo ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká parí eré, a máa sọ Yorùbá títí ilẹ̀ á fi ṣú." Tó o bá gbọ́ Hausa náà, bẹ́ẹ̀ ni kó o ṣe é fún wọn.

Catcher ni kó o mú lọ́rẹ̀ẹ́. Ọmọ tó bá gbọ́n á rọra bi ẹ́ láìyíjú pé "Sà, ṣé kò wọlé ni?" Dá a lóhùn. Tó bá dé bẹ́ǹṣì, kóòṣì á bi í, á ní "wọ́n ní ó wálẹ̀", ìdajì ariwo ti kú nìyẹn kó tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá ń yíjú wo ẹ́ kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé òun ń ráhùn, sọ fún un jẹ́jẹ́ pé iwájú ni kó máa wò tó bá fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀. Ìgbà wo lo máa sọ ọ́? Ìgbà tó ò ń nu pléètì. Àsìkò ọyẹ́ níbí, eruku ò ní jẹ́ kí pléètì hàn fún bọ́ọ̀lù mẹ́ta, yáa lọ síwájú pléètì, kọ ẹ̀yìn sí pitcher, bẹ̀rẹ̀, máa gbá a, kó o máa sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Catcher yẹn náà ló sì máa ń dá ìbéèrè sílẹ̀ nígbà míì. Curve, bọ́ọ̀lù tó máa ń tẹ̀ bó ṣe ń bọ̀, lè gba inú zone kọjá níwájú pléètì kó tó já sílẹ̀ kí ọmọ náà wá he é nínú iyẹ̀pẹ̀, strike ni lábẹ́ òfin, àmọ́ gbogbo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n rí.

Tí kóòṣì bá fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀ láàárín inning, má lọ bá a ní bẹ́ǹṣì ẹ̀, jẹ́ kó wá. Ẹ má kojú síra yín bí àgbò méjì, yí ẹ̀gbẹ́ sí i kẹ́ ẹ jọ máa wo pápá, ẹni tó wà níta á rò pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ lẹ̀ ń sọ. Jẹ́ kó sọ tiẹ̀ tán. "Mo gbọ́ yín, sà." Kó máa lọ.

Ìbéèrè kan wà tí kò gbọ́dọ̀ bí ẹ nínú rárá, òun ni ti igi tí batter jù dé ìdajì. Tó o bá pè é ní ball, catcher tàbí kóòṣì ẹgbẹ́ tó ń ju bọ́ọ̀lù lè ní kó o bi ọ́mpáyà kejì bóyá ọmọ yẹn ju igi kọjá. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Nawọ́ sí ẹnì kejì ẹ, bi í, gba ohun tó bá sọ. Tó bá jẹ́ strike lo pè é, kò sí ìbéèrè níbẹ̀. Kóòṣì tó bá ní o ṣi òfin kan lò náà, yàtọ̀ sí pé ojú ẹ ò ríran, ní ẹ̀tọ́ àtibéèrè, fetí sí i.

Tó o bá wá ṣì í ńkọ́? Wàá ṣì í. Bọ́ọ̀lù á gba àárín kọjá, ẹnu ẹ á ti pe ball kí ọpọlọ ẹ tó dé. Tí kóòṣì bá béèrè, tó sì béèrè dáadáa, "Ẹ má bínú, ìyẹn bọ́ mọ́ mi lójú" máa ń pa iná tí omi ò lè pa. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo ní in nínú eré kan o, ẹlẹ́ẹ̀kejì á di pé o ò mọ ohun tó ò ń ṣe. Má sì san án padà. Kó o ti ṣe ẹgbẹ́ kan, kó o wá wá bọ́ọ̀lù burúkú kan pè ní strike fún wọn kó lè di ọ̀kan-ọ̀kan, ẹgbẹ́ méjèèjì lo ti ṣe nìyẹn, wọ́n á sì mọ̀, kóòṣì ò gọ̀.

Ní ti lílé jáde, mi ò fẹ́ sọ púpọ̀. Kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Tó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, na àtẹ́lẹwọ́, "Ó tó, kóòṣì." Tí kò bá tó, sọ ọ́ ketekete pé ìkìlọ̀ nìyí, jẹ́ kí ọ́mpáyà kejì gbọ́, kọ inning tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó jáde. Àwọn nǹkan kan wà tí kò nílò àtẹ̀gùn kankan: èébú, kí agbábọ́ọ̀lù fi igi fa ìlà sílẹ̀ láti fi hàn ẹ́ ibi tí bọ́ọ̀lù gbà, pẹ̀lú "Èló ni wọ́n fún ẹ?" Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, ní Nàìjíríà tá a wà yìí, tó o bá gbà á lẹ́ẹ̀kan o ti gba orúkọ. Tó o bá ń lé e, ṣe àmì ẹ lẹ́ẹ̀kan, má na ìka sójú ẹ̀, rìn kúrò níbẹ̀, jẹ́ kí ẹnì kejì ẹ sìn ín dé etí pápá. Kó o tó ṣe é sha, wo bẹ́ǹṣì, ṣé àgbàlagbà míì wà tó máa dúró ti àwọn ọmọ yẹn? Mo mọ ọ́mpáyà kan tó lé kóòṣì lọ, àwọn ọmọ méjìlá wá jókòó láìní alágbàtọ́, ló bá di pé eré ò lè tẹ̀ síwájú.

Ohun tuntun kan tún ti dé. L'Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ láti 2026, Major League gbà kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ ball àti strike wò, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ànfààní méjì láti fi bẹ̀rẹ̀ eré, ẹni tó bá fẹ́ lò ó á fọwọ́ lu fìlà ẹ̀ tàbí akoto ẹ̀. Ní Kòríà, ẹ̀rọ ló ń pe gbogbo ẹ̀ láti 2024. Àwọn ọmọ wa ti rí i lórí fóònù, ó wá kù kí n pe ball kí n rí kóòṣì tó ń gbá ara ẹ̀ lórí gbà-gbà-gbà ní bẹ́ǹṣì! Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mi ò ń bínú. Bẹ́ẹ̀ l'Amẹ́ríkà ọ̀hún, pitcher, catcher àti batter nìkan ló lè béèrè, wọn ò fún kóòṣì láyè níbẹ̀ náà.

Tí eré bá parí, kó nǹkan ẹ, gba ọ̀nà tí kò ní gbé ẹ kọjá níwájú bẹ́ǹṣì ẹgbẹ́ tó pàdánù, má dúró gba ìkíni. Sátidé tó kọjá mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo ti dé etí títì, mò ń wá kèkè tó ń lọ sí Gwarinpa, ni mọ́tò kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kóòṣì tó pariwo jù lọ́jọ́ yẹn ni, tìyàwó tọmọ, ó ní kí n wọlé. Ìyàwó ẹ̀ fún mi ní zobo tútù. A ò bá ara wa sọ̀rọ̀ títí a fi dé ibi tí mo ti máa bọ́ọ́lẹ̀, mo ti ṣílẹ̀kùn tán kó tó ní "Àbúrò, èyí tọmọ mi jù ní inning kẹrin yẹn, níbo ló wà gan-an?"

Mo ní "Ó wálẹ̀, sà."